Fìlà Ni Mo Gbá Mú

Ọjọ́ Ajé, 3 Júùnù, 1957

Ó di ọjọ́ mẹ́rìndínlógún lónìí tí mo ti ń sá fún gbólóhùn yìí. Kí n kọ ọ́ kí n sinmi: ìwé àkọsílẹ̀ ńlá náà kò sí lọ́dọ̀ ẹni tó ń di ìwé ní Èkó. Inú ọ̀sà ló wà.

Irọ́ ni mo pa fún Ọ̀gá Adélàjà. Mo ní ẹ̀yìn ìwé náà ti já, mo ní mo ti fi ránṣẹ́ kí wọ́n bá wa dì í. Ọ̀gá ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá Ògúnsànyà. Ẹ̀yin lẹ mọ ìtọ́jú ìwé.” Ìbá sàn kó bú mi. Ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́wàá jù ni, ó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ láìwo ojú mi.

Ta ló rán mi? Mo gbé ìwé náà dání lọ sí Ẹ̀pẹ́ nígbà tí a lọ sin àbúrò ìyá mi, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé mi kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo sì fẹ́ rí àyè tún un dà kọ. Mi ò rí àyè kankan. Nígbà tí mo ń dá bọ̀, ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Báyékù ni, afẹ́fẹ́ gba fìlà lórí mi. Ìwé wà lábẹ́ apá mi. Mo na ọwọ́ méjèèjì. Fìlà ni mo gbá mú.

Ìwé náà léfòó díẹ̀. Ó ṣí ojú ewé rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni pé kí n kà á. Ó rì.

Gbogbo orúkọ ọmọ tó yá ìwé láti ìgbà tí ilé ìwé wa ti bẹ̀rẹ̀ ló wà níbẹ̀, àti nọ́ńbà ìwé tó wà lọ́wọ́ kálukú wọn. Kọ́bọ́ọ̀dù méjì ni ilé ìkàwé wa, ìwé 112 ló wà fún un. Lónìí mo ka èyí tó wà nílé: 51. Àwọn yòókù wà káàkiri Ìkòròdú, mi ò mọ ilé tí wọ́n sùn sí.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ èyí sílẹ̀ lónìí ni lẹ́tà tó dé láti Ìbàdàn. Alábẹ̀wò ilé ìwé ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, 4 Júláì. Bí ìwé kò bá pé, tí àkọsílẹ̀ kò sì gún, wọn ó kó kọ́bọ́ọ̀dù méjèèjì lọ fún ilé ìwé kan ní Ẹ̀pẹ́ tó ní yàrá ìkàwé tirẹ̀ àti ẹni tó kọ́ṣẹ́ náà. Èmi kò kọ́ṣẹ́ kankan. Fọ́ọ̀mù Kẹta ni owó bàbá mi ti tán, akọ̀wé ni mo ń ṣe kí wọ́n tó kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Júùnù

Òjò láti àárọ̀. Mo ti rí ọgbọ́n dá sí i.

Gbogbo ọmọ ló mọ̀ mí mọ́ bébà àpò sìmẹ́ǹtì. Òun ni mo fi ń bo gbogbo ìwé wa kí èèpo wọn má baà ya. N ó kéde pé àsìkò tó láti pààrọ̀ bébà, kí oníkálukú mú ìwé ọwọ́ rẹ̀ wá. Bí mo bá là á mọ́lẹ̀ pé àkọsílẹ̀ ti sọnù, ta ni yóò dá ìwé padà? Èmi náà ṣe ọmọdé rí.

Ọjọ́bọ̀, 6 Júùnù

Ìwé mẹ́sàn-án wọlé. Gbogbo ìka mi kún fún lẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe ń kọjá lẹ́bàá kíláàsì kejì, mo gbọ́ tí ọmọ kan sọ pé, “Fìlà ń bọ̀!” Gbogbo wọn pa lọ́lọ́. Kí n má parọ́, ó dùn mọ́ mi díẹ̀. Fìlà ẹtù tí Kíkẹ́lọmọ ìyàwó mi rán fún mi ní Kérésì ni. Kò sí olùkọ́ kan tó ní irú rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Júùnù

Mo lọ sí ọ̀nà Ẹbúté, sí ilé Mùsílíù ọmọ kíláàsì kẹta. Mo rántí pé òun ló mú nọ́ńbà 63, ìwé tó ní àwòrán ọkọ̀ ojú omi. Bàbá rẹ̀ ń kan ọkọ̀. Ìwé náà ni mo kọ́kọ́ rí, ó wà lórí pákó gbọọrọ kan, wọ́n fi èérún igi há ojú ewé mẹ́rin.

“Ẹ wá gbà á ni?” ni bàbá wí, kò tilẹ̀ tíì kí mi tán.

“Mo fẹ́ pààrọ̀ bébà rẹ̀ ni, sà.”

“Bébà rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, olùkọ́, àwòrán kẹrin ni mo ṣì wà. Ọmọ yìí ń ka èyí tí wọ́n kọ fún mi, èmi ń ka èyí tí wọ́n yà.” Ó fi àtàǹpàkò wọn ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ inú ìwé, ó mi orí. “Ṣùgbọ́n ẹni tó ya eléyìí ò wọ ọ̀sà wa rí. Bí mo bá kàn án báyìí, á dojú dé ní Báyékù. Ẹ mọ bí omi ibẹ̀ ṣe rí?”

Mo ní mo mọ̀ ọ́n.

Mùsílíù wo bàbá rẹ̀, ó wo orí mi, ikọ́ gbé e, ó sáré wọlé. Ọmọ náà kò gbádùn, bóyá òjò ló pa á.

Mo fi ìwé náà sílẹ̀ fún wọn. Mi ò mọ ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé tí mo wá gbà!

Ọjọ́ Àìkú, 9 Júùnù

Pẹ́ńtíkọ́sì. Wákàtí kan gbáko ni oníwàásù fi sọ̀rọ̀ lórí Ẹ̀mí Òtítọ́. Ẹ̀yìn òpó ni mo jókòó sí.

Ọjọ́rú, 12 Júùnù

84 ti wà nílé! Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì nítorí mi ò gba ara mi gbọ́. Wọ́n kàn ń mú un wá ni, àwọn mìíràn nu èèpo rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e dé. Fáṣínà tó jẹ́ pé kì í bá wa mú ṣọ́ọ̀kì padà sí ojú pátákó, òun náà mú tirẹ̀ wá.

Mo ti pinnu pé èyí tó bá wọlé kò ní jáde mọ́ títí alábẹ̀wò á fi lọ. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn mi.

Gàárì ti gbówó lórí. Ohun tí à ń rà ní kọ́bọ̀ méjì ti di tọ́rọ́.

Ọjọ́ Ajé, 17 Júùnù

Mo sọ fún Kíkẹ́lọmọ. Ó ń rán aṣọ lọ́wọ́, mo rò pé ariwo ẹ̀rọ náà á bò mí lójú díẹ̀. Ó dá ẹ̀rọ dúró.

“Fìlà tí mo rán yẹn ni ẹ torí ẹ̀ ju ìwé ìjọba sómi?”

“Òun ni.”

“Ẹ ṣeun o, Bàbá Ìbíyẹmí. Láti Kérésì ni mo ti ń retí kí ẹ yin fìlà yẹn.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní kí n lọ sọ fún Ọ̀gá. Mo ní bó bá yá. Ó tún yí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní, “Ó ti ń yá láti oṣù tó kọjá.”

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Júùnù

Orò ni lọ́la. Wọ́n ti kéde rẹ̀ láti ìjẹta.

Mo ti gbàgbé ohun tí ọjọ́ tó ṣáájú Orò máa ń jẹ́ níwájú kọ́bọ́ọ̀dù wa. Bí agogo ìparí ṣe lù báyìí, àwọn ọmọbìnrin ti tò láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi máńgòrò. Ṣẹ̀rífátù ló wà níwájú, ọmọ kíláàsì kẹta, ọmọ Ìyá Mùnírátù tó ń ta ẹja yíyan. Ọmọ náà kì í pọ̀ ní ọ̀rọ̀.

Mo ní, “Mo ti tì í. Ó di ẹ̀yìn àbẹ̀wò.”

“Ọ̀la Orò ni, sà.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ̀yin á jáde, sà. Àwa ò ní jáde.”

Kò sọ ọ́ bí ẹni ń bínú. Bí ẹni ń sọ pé òjò ń bọ̀ ló ṣe sọ ọ́. Fàlílátù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ní ẹnu ní tirẹ̀: “Ọdún tó kọjá, sà, yàrá kan náà ni èmi, ìyá àgbà, àǹtí mẹ́ta àti ewúrẹ́ olóyún wà láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ewúrẹ́ yẹn bímọ lójú wa. Bí kì í bá ṣe ti ìwé yín ni, ǹ bá ti bá a bí i.”

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ohun tó ba ètò mi jẹ́ nìyẹn. Ọwọ́ mi ti wà lára kọ́kọ́rọ́ kí n tó mọ̀.

Ìwé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mi ò kọ orúkọ kankan. Kí ni n ó kọ ọ́ sí? Mo kàn ń mi orí bí wọ́n ṣe ń kọjá, bí ẹni tó ti há gbogbo rẹ̀ sórí. 98 ló wà nílé ní àárọ̀ yìí. Ní ìrọ̀lẹ́ yìí, 72. Ọjọ́ mẹ́tàlá ló kù. Òmùgọ̀ ni mí.

Síbẹ̀ oúnjẹ alẹ́ dùn lẹ́nu mi, ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ látìgbà tí mo ti dé láti Ẹ̀pẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Júùnù

Ìgboro dá páropáro. Ọkùnrin nìkan ló ń rìn, àwa náà kò pọ̀. Mo jáde lọ wo ọ̀rẹ́ mi kan tí ara rẹ̀ kò yá.

Bí mo ṣe ń bọ̀, mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kan tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì pa. Ohùn ọmọbìnrin ń bọ̀ láti inú, ó ń kàwé. Ó ka gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, ó yí i sí Yorùbá, ó tún ka díẹ̀. Ìtàn obìnrin kan ni, ọkọ rẹ̀ bá ọkọ̀ lọ, ó sì ń fi iná àtùpà sójú fèrèsé lálaalẹ́ kí ọkọ náà lè rí èbúté. Nígbà tó yá, ọmọ náà dákẹ́.

Ohùn arúgbó sọ pé, “Má dúró síbẹ̀! Ṣé ó padà wá?”

“Màmá, ẹ jẹ́ kí n mu omi.”

“Omi ò sá lọ. Ọkùnrin yẹn, ṣé ó padà wá?”

Ohùn obìnrin mìíràn ní, “Kò lè padà. Ọkùnrin tó mú aṣọ méjèèjì dání!” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Mo dúró lábẹ́ òrùlé wọn bí olè. Nọ́ńbà 17 ni ìwé náà, mo mọ̀ nítorí mo rántí àtùpà tó wà lára èèpo rẹ̀ kí n tó bò ó. Mo ti pààrọ̀ bébà ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mi ò mọ̀ bóyá ọkọ náà padà wá.

Ẹnìkan ń bọ̀ lójú ọ̀nà, mo bá tèmi lọ.

Kí n sọ èyí náà nígbà tí mo ti ń sọ: nínú ìwé 112, mi ò ka ẹyọ kan parí. Mo máa ń rò pé tèmi ni láti tọ́jú wọn. Mo máa ń rò pé ẹni tó dúró ní Fọ́ọ̀mù Kẹta, bó bá bẹ̀rẹ̀, á ko ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀, ìtìjú á sì bá a lójú ara rẹ̀. Síbẹ̀ ọmọ ilé ìwé wa kan ń túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá àgbà láìdúró mu omi.

Ọjọ́ Ajé, 24 Júùnù

Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n jáde. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n wọlé.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, Ṣẹ̀rífátù dúró. Ó fa ìwé ẹ̀kọ́ kékeré kan yọ nínú àpò rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sórí tábìlì mi.

“Kí nìyí?”

“Àkọsílẹ̀ ni, sà.” Ó wo ilẹ̀. “Ìyá mi wà nínú ọkọ̀ ọjọ́ náà.”

Mo fi ìka kan ìwé ẹ̀kọ́ náà, mi ò ṣí i.

“Wọ́n délé, wọ́n ní, ‘Olùkọ́ yín gbá fìlà mú, ó jẹ́ kí ìwé bá omi lọ.’”

“Ta ló tún mọ̀?”

“Gbogbo wa, sà.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e.”

Fìlà ń bọ̀! Ọlọ́run mi. Mo ṣí i lórí, mo gbé e sórí itan mi, bíi pé ìyẹn lè ṣe àǹfààní kankan báyìí.

Mo bi í léèrè pé, bí wọ́n bá ti mọ̀ pé orúkọ ẹnikẹ́ni kò sí lọ́wọ́ mi mọ́, kí ló dé tí wọ́n fi ń dá ìwé padà? Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í ìdí tí èèyàn fi ń jẹun.

“Ẹni tó kàn ń dúró, sà. Bí ọmọ kan bá jókòó lé ìwé, ẹni tó kàn á lọ bá a nílé ni. Fàlílátù ti lọ sílé Fáṣínà lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Fáṣínà ní kí ó kúkú máa gbé ibẹ̀.”

“Ẹ ò sì sọ fún mi.”

“A rò pé ẹ ò fẹ́ ká mọ̀ ni, sà.”

Nígbà tó lọ, mo ṣí i. Ẹni tó mú ìwé, ẹni tó kàn, ẹni tó tẹ̀ lé e. Irú ohun tí èmi kò kọ rí tún wà níbẹ̀, tí oríṣiríṣi ọwọ́ kọ. “Nọ́ńbà 40: ojú ewé 12 ti já, ẹ bi Sìlífátù ohun tó wà níbẹ̀.” “Nọ́ńbà 8: ó gùn, ṣùgbọ́n ẹ ní sùúrù, ejò á jáde.” “Nọ́ńbà 17: ó ń pa ni lẹ́kún. Ẹ má kà á níwájú bàbá yín.”

Mo jókòó tì í títí ọmọ ọ̀dọ̀ Ọ̀gá fi wá ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lórí.

Ìwé 14 ni kò sí nílé. Àkọsílẹ̀ wọn mọ ibi tí 11 wà. Ọ̀kan nínú wọn wà ní Ẹ̀pẹ́: Kúbúrátù mú un lọ nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ síbẹ̀ lẹ́yìn Àjíǹde.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Júùnù

Ẹ̀pẹ́. Mi ò dé fìlà. Mo gun ọkọ̀, ta ni mo bá? Ìyá Mùnírátù àti agbọ̀n ẹja rẹ̀.

“Olùkọ́, ẹ káàárọ̀ o. Fìlà dà?”

“Ó wà nílé, mà.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí orí náà gba atẹ́gùn.” Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, kódà awakọ̀. Ó fún mi ní ẹja yíyan kan kí n fi gbé ìtìjú mì. Ó dùn gan-an.

Ilé ìwé tí Kúbúrátù ń lọ nísinsìnyí ni wọ́n fẹ́ kó ìwé wa fún. Mo yọjú wo yàrá ìkàwé wọn. Ó lẹ́wà, gíláàsì ló wà lójú kọ́bọ́ọ̀dù. Kúbúrátù ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń ṣí i. Mo bi í bóyá ó fẹ́ràn ibẹ̀. Ó ní, “Ó mọ́, sà.”

Ó mú ìwé wa jáde. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tẹ̀ lé e, wọ́n dúró, ojú wọn wà lára ìwé náà.

“Kí ló dé?”

Kúbúrátù ní, “Ó ku orí méjì fún wọn, sà.”

Ọkọ̀ tí mo fẹ́ bá padà ti ń kígbe èrò. Mo jókòó sórí òkúta kan ní ẹ̀bá omi, mo ní kí wọ́n kà á tán. Òòrùn dára, atẹ́gùn tutù. Ọkọ̀ lọ. Àwọn ọmọ mẹ́ta gbé orí pọ̀, ẹni tó tètè ń kà á ń dúró de ẹni tí kò yára. Mi ò rántí ìgbà tí mo ti jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìwá nǹkan kan lọ́wọ́ ara mi.

Nígbà tí mo ń padà, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi di ìwé náà mú láti Ẹ̀pẹ́ dé Ẹbúté.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Júláì

Mo sọ fún Ọ̀gá Adélàjà. Òun ló kù nínú ilé ìwé yìí tí kò mọ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

“Ọ̀tunla ni alábẹ̀wò ń bọ̀, òní lẹ ń sọ fún mi. Mo ti sọ fún wọn nínú lẹ́tà pé ìwé náà wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń dì í. Ẹ ti sọ èmi náà di onírọ́.”

Mo dọ̀bálẹ̀. Ó yí ojú sí fèrèsé. Ó ní, “Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ju ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ fún mi lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu ara yín lẹ ó fi sọ fún un.”

Ọjọ́bọ̀, 4 Júláì

Kí n tètè kọ ọ́.

Alábẹ̀wò jẹ́ ọkùnrin tínrín kan, aṣọ rẹ̀ funfun, ó sì ń rẹ̀ ẹ́. Níwájú àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ló ti bi mí pé, “Ìwé àkọsílẹ̀ dà?”

Ìka ọwọ́ mi ń wá etí fìlà tí kò sí lórí mi. Mo sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, Ẹ̀pẹ́, Báyékù, fìlà, irọ́ tí mo pa fún Ọ̀gá, pé Ọ̀gá kò mọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo gbé ìwé ẹ̀kọ́ kékeré náà síwájú rẹ̀.

Ó kà á. Ó pẹ́ kó tó gbé ojú sókè. Ó ní, “Nọ́ńbà 63, níbo ló wà?”

Mùsílíù dìde. “Ọ̀dọ̀ bàbá mi, sà. Wọ́n ń kan ọkọ̀ inú rẹ̀. Àwòrán kan ló kù. Fáṣínà ló kàn.”

“Nọ́ńbà 40?”

“Ó wà nílé, sà,” ni Sìlífátù wí. “Ṣùgbọ́n ẹ ó ní láti bi mí ní ojú ewé 12.”

Ó bi í, tọkàntọkàn. Sìlífátù dìde, ó sì sọ ojú ewé 12 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Alábẹ̀wò fi bírò tẹ ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo àjà.

Ìdájọ́ rẹ̀ rèé. Kọ́bọ́ọ̀dù kò ní kúrò ní Ìkòròdú. N ó kọ àkọsílẹ̀ tuntun kí táàmù tó parí, ẹ̀dà méjì, ọ̀kan kò gbọdọ̀ fi ẹnu ọ̀nà Ọ̀gá sílẹ̀. Wọn ó fi lẹ́tà ìbáwí sínú fáìlì mi ní Ìbàdàn, ó sì tọ́ sí mi. Ìwé mẹ́ta ni a kò mọ ibi tó wà, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó sọnù. Nígbà tó ń wọ mọ́tò, ó béèrè lọ́wọ́ mi ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Nọ́ńbà 17 yẹn, ṣé lóòótọ́ ló ń pa ni lẹ́kún?”

Mo ní mi ò tíì kà á, sà. Òtítọ́ kejì lónìí nìyẹn.

Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́ nígbà tí mọ́tò lọ. Kíkẹ́lọmọ se ẹja tí Ìyá Mùnírátù fi ránṣẹ́. Òjò tún ti bẹ̀rẹ̀, ó rọra ń rọ̀, ara mi tutù.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo bi Ṣẹ̀rífátù léèrè bóyá ọkọ obìnrin alátùpà náà padà wá. Ó la ojú sí mi. “Sà! Ṣé kí n wá sọ ọ́ fún yín ni?” Mo wo àkọsílẹ̀ wọn: ẹni mẹ́ta ló ń dúró de nọ́ńbà 17, Fàlílátù ló gbẹ̀yìn.

Lọ́la, kí agogo tó lù, n ó dé fìlà mi lọ sí kíláàsì kẹta, n ó ṣí i, n ó sì ní kí Ṣẹ̀rífátù kọ orúkọ mi sẹ́yìn Fàlílátù.